Agbára ta ni ẹ ń bẹ̀rù jù? Àlàyé lórí àwọn ìlànà òṣèlú ayé òde òní àti àwọn tó wà nídìí wọn

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, àwọn ará New York dìbò yan Zohran Mamdani ṣe olórí ìlú wọn. Ọkùnrin náà pe ara rẹ̀ ní sósíálístì (ẹni tó fẹ́ kí gbogbo ìlú jọ ní ìpín nínú ọrọ̀) tó gba ìjọba àwaarawa gbọ́. Ààrẹ Donald Trump ní irọ́ ni, kọ́múnístì ni, ìyẹn ẹni tó fẹ́ gba ilẹ̀ àti ẹ̀rọ lọ́wọ́ àwọn tó ni wọ́n. Ní Ajẹntínà, Javier Milei tó gorí àléfà ní oṣù kejìlá ọdún 2023 ń sọ ní gbangba pé anákístì tó gba ọjà gbọ́ lòun, pé ìjọba gan-an lọ̀tá. Ṣáájú ìgbà náà, ní oṣù keje ọdún 2014, Viktor Orbán, tó jẹ́ olórí ìjọba Hungary nígbà náà, ti sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀ pé ìjọba tí òun ń kọ́ kì í ṣe ti líbẹ́rà, ìyẹn èyí tó fi òmìnira oníkálukú àti òfin ṣáájú olórí. Ní Ṣáínà, ẹgbẹ́ kọ́múnístì ló wà lórí oyè, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù dọ́là pọ̀ níbẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní.

Ẹni tó bá ń gbọ́ ìròyìn lójoojúmọ́ á ti mọ̀ pé wọ́n ti sọ àwọn orúkọ wọ̀nyí di èébú. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kí aláìsàn rí ìtọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á ní kọ́múnístì ni. Bí ẹlòmíràn bá fẹ́ kí ẹnubodè le díẹ̀, wọ́n á ní fáṣístì ni. Ó ń dùn mí, nítorí pé àwọn èèyàn ti kú nítorí àwọn ìlànà yìí, wọ́n ti ṣẹ̀wọ̀n nítorí wọn, wọ́n sì ti fi wọ́n tú àwọn ẹlòmíràn sílẹ̀ nínú ìdè. Wọ́n tọ́ sí kí a mọ̀ wọ́n dáadáa.

Ọ̀nà tí mo rí pé ó yéni jù láti fi wọ́n wéra ni kí a bi oníkálukú wọn léèrè pé: agbára ta ni ìwọ ń bẹ̀rù? Kò sí ọ̀kan nínú àwọn onírònú wọ̀nyí tó kàn jókòó tó ń lá àlá ayé tó dára. Oníkálukú ti rí agbára kan tó ń fìyà jẹ èèyàn, ó sì ń wá bí wọ́n ṣe máa so ó mọ́lẹ̀. Agbára tí wọ́n gbàgbé láti bẹ̀rù ni ìyà máa ń gbà wọlé padà.

Kí a tó débẹ̀, ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì àti ọwọ́ ọ̀tún. Versailles ló ti bẹ̀rẹ̀, ní 1789, nígbà tí àwọn aṣojú ará Faransé ń jiyàn bóyá kí ọba ní àṣẹ láti wọ́gi lé òfin tí àwọn bá ṣe. Àwọn tó ní kí ọba ní àṣẹ náà kóra jọ sí ọwọ́ ọ̀tún alága; àwọn tó kọ̀ jálẹ̀ jókòó sí ọwọ́ òsì. Láti ìgbà náà ni gbogbo ayé ti ń fi ìjókòó ọjọ́ yẹn pín èèyàn. Kò sì tó fún iṣẹ́ náà. Ẹni tí kò fẹ́ kí ìjọba gba owó orí púpọ̀, tí kò sì fẹ́ kí ìjọba dá sí ẹ̀sìn tàbí ìgbéyàwó ẹnikẹ́ni, ọwọ́ wo ni kí ó jókòó sí?

Ọba tí ẹnikẹ́ni ò lè bi léèrè

John Locke, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sá lọ sí Holland ní 1683 nígbà tí wọ́n ń ṣọdẹ àwọn tó lòdì sí ọba. Kò padà wálé títí di 1689, lẹ́yìn tí wọ́n ti lé Ọba James Kejì lọ. Lọ́dún náà gan-an ni ìwé rẹ̀, Two Treatises of Government, jáde, láìsí orúkọ rẹ̀ lára rẹ̀. Inú ìwé ìhágún tó ṣe kó tó kú ní 1704 ló ti wá jẹ́wọ́ pé òun lòun kọ ọ́. Ẹ fojú inú wò ó: ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní baba òmìnira lónìí kò lè fi orúkọ sí ohun tó kọ.

Ohun tó wí ni pé Ọlọ́run ò fi ẹnikẹ́ni jọba lé ẹlòmíràn lórí láti inú oyún. Olúkúlùkù ló ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀mí rẹ̀, òmìnira rẹ̀ àti ohun tó fi òógùn ojú rẹ̀ ní. Àwọn èèyàn fohùn ṣọ̀kan dá ìjọba sílẹ̀ kó lè máa ṣọ́ àwọn nǹkan wọ̀nyí. Bí olùṣọ́ bá wá di olè, wọ́n lè lé e. Orí èyí ni gbogbo ìlànà líbẹ́rà dúró lé: òfin ga ju olórí lọ, ìjọba kò sì gbọdọ̀ ṣàkóso láìgba ìyọ̀ǹda àwọn tó ń ṣàkóso lé lórí. Àwọn ará Amẹ́ríkà fà á yọ nígbà tí wọ́n kéde òmìnira wọn ní 1776.

Locke yìí kan náà ti jẹ́ akọ̀wé fún àwọn ìjòyè tó ni ilẹ̀ Carolina ní Amẹ́ríkà, ó sì lọ́wọ́ nínú òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 1669, èyí tó fún gbogbo ọmọ ìlú tó wà lómìnira ní àṣẹ pátápátá lórí ẹrú aláwọ̀ dúdú tó bá rà. Ó tún fi owó sínú Royal African Company, ilé-iṣẹ́ tó ń kó ẹrú láti Áfíríkà. Ó bẹ̀rù agbára ọba lórí ọmọ ìlú, kò bẹ̀rù agbára olówó lórí ẹrú. A ò lè ka ìwé rẹ̀ ká gbójú fo ìyẹn.

Adam Smith, ará Scotland, mú ọ̀rọ̀ náà wọ inú ọjà ní 1776. Àwọn tó ń dárúkọ ìwé rẹ̀, The Wealth of Nations, pọ̀ ju àwọn tó ṣí i lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó fi bẹ̀rẹ̀. Ó dé ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí wọ́n ti ń ṣe píìnì, èèyàn mẹ́wàá ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹnì kan ń fa wáyà, ẹnì kejì ń nà án kó tọ́, ẹnì kẹta ń gé e, ẹnì kẹrin ń pọ́n ẹnu rẹ̀, ẹnì karùn-ún ń ha òkè rẹ̀ kí orí lè jókòó dáadáa. Àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ń ṣe píìnì tó lé ní 48,000 lójúmọ́. Ká ní oníkálukú dá ti ẹ̀ ṣe, láìkọ́ iṣẹ́ náà, bóyá ni ẹnì kan á lè ṣe 20. Smith wá ní bí wọ́n bá fi èèyàn sílẹ̀ kí wọ́n pín iṣẹ́, kí wọ́n sì bá ara wọn ṣòwò, ọrọ̀ á pọ̀ sí i láìjẹ́ pé ọba kan pàṣẹ rẹ̀. Ẹni tó ń bẹ̀rù ni ọba tó ń fi òwò kan jìn ọ̀rẹ́ rẹ̀, àti àwọn oníṣòwò tó máa ń gbìmọ̀ láti gbówó lé ọjà nígbàkigbà tí wọ́n bá pàdé.

Ṣùgbọ́n lápá ìgbẹ̀yìn ìwé náà, ó tún padà sórí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ń ṣe nǹkan méjì tàbí mẹ́ta kan náà ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ á kú, kò ní lè ronú sí ọ̀rọ̀ ìlú rẹ̀ mọ́, nítorí náà kí ìjọba náwó sí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tálákà. Àwọn tó ń fi Smith búra pé kí ìjọba má dá sí nǹkan kan kì í sábà kàwé dé ibẹ̀.

John Stuart Mill rí agbára kan tí Locke kò kà sí: agbára ọ̀pọ̀ èèyàn lórí ẹnì kan. Nínú On Liberty, ní 1859, ó ní bí ọba bá tilẹ̀ lọ, àwọn aládùúgbò àti àwọn tó pọ̀ jù nínú ìdìbò ṣì lè di ẹni tó dá yàtọ̀ lẹ́nu. Ìdí kan ṣoṣo tó fi tọ́ kí wọ́n fipá dá ẹnì kan dúró ni bó bá fẹ́ pa ẹlòmíràn lára. Nígbà tó di aṣòfin, ní 20 oṣù karùn-ún 1867, ó dìde ní ilé ìgbìmọ̀ ní London pé kí wọ́n fi “èèyàn” rọ́pò “ọkùnrin” nínú òfin ìdìbò, kí àwọn obìnrin lè dìbò. Aṣòfin 73 gbè é, 196 kọ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin náà fún ọjọ́ yẹn. Síbẹ̀ ọdún 35 ló fi ṣiṣẹ́ fún East India Company tó ń jẹ gàba lórí Íńdíà, nínú On Liberty kan náà ló sì ti kọ ọ́ pé ìjọba apàṣẹwàá tọ́ fún àwọn tí òun kà sí aláìlajú. Kò sí bí mo ṣe lè tún ìyẹn sọ kó dára.

Ìdílé líbẹ́rà ti pín sí méjì láti ìgbà náà. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí wọ́n ń pè ní líbẹ́rà ni ẹni tó fẹ́ kí ìjọba ran mẹ̀kúnnù lọ́wọ́ sí i. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, ẹni tó fẹ́ kí ìjọba kọ́wọ́ rẹ̀ kúrò nínú ọjà ni.

Àwọn tó fẹ́ tún ayé ṣe lọ́jọ́ kan

Edmund Burke, ọmọ Dublin, ni wọ́n ń pè ní baba àwọn kọnsáfétíìfù, ìyẹn àwọn tó fẹ́ pa ohun tí ìran ìṣáájú kọ́ mọ́. Kì í ṣe ẹni tó ń tẹ̀ lé alágbára kiri. Ó gbè lẹ́yìn àwọn ará Amẹ́ríkà nígbà tí wọ́n ń bá ọba jà lórí owó orí, ó sì ṣáájú àwọn tó gbé Warren Hastings lọ síwájú ìgbìmọ̀ nítorí ìwà tó hù nígbà tó ń ṣàkóso ní Íńdíà. Ẹjọ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní 1788, ó fà títí di 1795, wọ́n sì dá Hastings sílẹ̀.

Ní 1790, Burke kọ ìwé lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Faransé, níbi tí wọ́n ti ń gba agbára lọ́wọ́ ọba. Àwọn ọlọ́gbọ́n orí díẹ̀ tí wọ́n rò pé àwọn lè wó ohun tí ìran púpọ̀ kọ́, kí àwọn sì fi ìwé kọ́ òmíràn, ni àwọn tó ń bẹ̀rù. Lójú rẹ̀, ìlú kì í ṣe ti àwọn tó wà láàyè nìkan. Àdéhùn ni láàárín àwọn tó wà láàyè, àwọn tó ti kú àti àwọn tí a kò tíì bí. Nínú ìwé yẹn ló ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé nígbà tí àṣẹ bá ti dàrú, ọ̀gágun kan tí àwọn ọmọ ogun fẹ́ràn á dìde, á sì di ọ̀gá gbogbo wọn. Wọn ò tíì bẹ́ Ọba Louis lórí nígbà tó kọ ọ́. Ní 1799, ọ̀gágun Napoléon gbàjọba.

Ẹni tó kọ́kọ́ dá a lóhùn ni Mary Wollstonecraft, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ó bi í pé kí ló dé tó ń sunkún fún ayaba Faransé, tí kò sunkún fún àwọn tálákà tí ebi ń pa. Ní 1792 ó tún kọ ìwé mìíràn lórí ẹ̀tọ́ obìnrin. Thomas Paine náà dá Burke lóhùn ní 1791: ta ló fún òkú láṣẹ láti máa pàṣẹ fún alààyè? Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá Paine lẹ́bi lẹ́yìn rẹ̀. Faransé gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di aṣòfin. Ṣùgbọ́n nígbà tó ní kí wọ́n má pa ọba, kí wọ́n lé e kúrò nílùú ni, àwọn tí òun fúnra rẹ̀ gbèjà jù ú sẹ́wọ̀n ní òpin 1793. Díẹ̀ ló kù kí orí rẹ̀ lọ. Ìyà tó jẹ Paine nínú ẹ̀wọ̀n yẹn jẹ́ ẹ̀rí fún Burke. Ìyà tí mẹ̀kúnnù Faransé jẹ kí 1789 tó dé jẹ́ ẹ̀rí fún Paine. Mo ti ka àwọn méjèèjì léraléra, n kò sì rí bí ọ̀kan ṣe lè lé èkejì kúrò.

Kọnsáfétíìfù kò túmọ̀ sí kí nǹkan má yí padà. Burke fúnra rẹ̀ ní ìlú tí kò lè yí padà kò lè pa ara rẹ̀ mọ́. Otto von Bismarck ní Jámánì ni ó ṣe é kó hàn kedere. Ó fòfin de àwọn ẹgbẹ́ sósíálístì ní 1878, lẹ́yìn náà ló wá dá ètò ìtọ́jú ìlera fún òṣìṣẹ́ sílẹ̀ ní 1883, ti ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ní 1884, àti owó ìfẹ̀yìntì ní 1889. Ọwọ́ ọ̀tún ni àwọn nǹkan tí wọ́n ń pè ní ti ọwọ́ òsì lónìí ti kọ́kọ́ wọ ìwé òfin.

Ẹni tó ni ẹ̀rọ

Friedrich Engels, ọmọ olówó tó nílé-iṣẹ́ òwú, dé Manchester ní 1842. Ohun tó rí ní àwọn ilé tí òṣìṣẹ́ ń gbé ló fi kọ ìwé tó jáde ní 1845. Òun àti Karl Marx, ọmọ Trier, ló kọ Manifesto ẹgbẹ́ kọ́múnístì tó jáde ní London ní oṣù kejì 1848. Marx kú sí ìlú náà ní 1883. Apá àkọ́kọ́ ìwé ńlá rẹ̀, Das Kapital, ti jáde ní 1867, Engels ló sì parí ìyókù látinú ìwé tó fi sílẹ̀.

Ohun tí Marx rí rèé. Lójú òfin, òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ dọ́gba; oníkálukú fi ìfẹ́ inú rẹ̀ bu ọwọ́ lùwé. Ṣùgbọ́n ọ̀kan lè dúró fún oṣù mẹ́ta, èkejì gbọ́dọ̀ jẹun lálẹ́ òní. Ẹni tó ni ilẹ̀ àti ẹ̀rọ ló ń sọ iye wákàtí àti iye owó, ohun tí òṣìṣẹ́ bá sì ṣe kọjá owó iṣẹ́ rẹ̀, olówó ló ń kó o. Agbára tí Locke fi sílẹ̀ láìso mọ́lẹ̀ nìyẹn, torí pé ó pè é ní ohun ìní. Marx ní bí àwọn òṣìṣẹ́ bá gba ilẹ̀ àti ẹ̀rọ, ìnira náà á dópin.

Ẹ wo àwọn nǹkan mẹ́wàá tí Manifesto béèrè fún, ó máa yà yín lẹ́nu. Kí olówó san owó orí tó pọ̀ ju ti tálákà lọ. Kí gbogbo ọmọ kàwé lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ọmọdé má ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ mọ́. Kí ìjọba ní báńkì àpapọ̀. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tó kórìíra orúkọ Marx ló ń ṣe àwọn wọ̀nyí. Pé kí wọ́n pa níní ilẹ̀ rẹ́ tún wà níbẹ̀, pé kí ẹnikẹ́ni má jogún mọ́, àti pé kí ìjọba kó gbogbo ohun ìrìnnà sọ́wọ́.

Ibi tí àlàfo Marx wà nìyẹn. Ta ló máa so àwọn tó bá gbàjọba lórúkọ òṣìṣẹ́ mọ́lẹ̀? Mikhail Bakunin, anákístì ọmọ Rọ́ṣíà, béèrè rẹ̀ lójú Marx, wọ́n sì lé e kúrò nínú ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn òṣìṣẹ́ ní The Hague ní 1872. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó kọ ọ́ pé òṣìṣẹ́ tó bá ti gorí oyè kì í ṣe òṣìṣẹ́ mọ́, pé láti òkè ni yóò ti máa wo àwọn tó ti jọ wà tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo ni àwọn anákístì ń bẹ̀rù; gbogbo ẹni tó bá ń pàṣẹ ni wọ́n ń bẹ̀rù. Wọn ò sábà rí ìjọba ṣe, ṣùgbọ́n Bakunin rí ọ̀la kedere ju ọ̀pọ̀ tó rí i ṣe lọ.

Lẹ́yìn ikú Marx, ilé pín. Ní 1899, Eduard Bernstein ní Jámánì sọ pé ohun tí Marx retí kò ṣẹlẹ̀: àwọn òṣìṣẹ́ kò túbọ̀ tòṣì, wọ́n ń rí ẹ̀tọ́ gbà nípa ìdìbò àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ẹ jẹ́ ká máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Rosa Luxemburg ta kò ó, ó ní àtúnṣe kéékèèké kò lè gba ilé lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí Lenin gbàjọba ní Rọ́ṣíà ní 1917 tó sì tú ilé ìgbìmọ̀ ká, Luxemburg yìí kan náà, láti inú ẹ̀wọ̀n ní 1918, kọ ọ́ pé òmìnira kì í ṣe òmìnira bí kò bá jẹ́ ti ẹni tí èrò rẹ̀ yàtọ̀. Àwọn ọmọ ogun pa á ní Berlin ní oṣù kìíní 1919. Nínú gbogbo àwọn tí mo dárúkọ níbí, òun ni ikú rẹ̀ ṣì ń dùn mí jù.

Ohun tó bẹ̀rù ṣẹlẹ̀. Lábẹ́ Stalin, tó ṣàkóso lẹ́yìn Lenin, ìjọba fipá gba oko lọ́wọ́ àgbẹ̀, ìyàn 1932 sí 1933 sì pa ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù èèyàn ní Ukraine àti àgbègbè rẹ̀. Lábẹ́ Mao ní Ṣáínà, láàárín 1958 sí 1962, àwọn tí ebi pa kú lé ní mílíọ̀nù lọ́nà mẹ́wàá. Àwọn ìjòyè ń gbé irọ́ ìkórè ńlá lọ sókè, nítorí pé ẹni tó bá sọ òótọ́ á di ọ̀tá ẹgbẹ́. Kò sí ìwé ìròyìn tó lè kọ ọ́, kò sí ilé ẹjọ́ tó lè gbọ́ ọ, kò sí ìdìbò tó lè lé wọn.

Ọ̀nà Bernstein gba ibòmíràn lọ. Ní Sweden, ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn òṣìṣẹ́ dórí oyè nípa ìdìbò ní 1932, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò níbẹ̀ títí di 1976. Ní 1938, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti ẹgbẹ́ agbanisíṣẹ́ jókòó ní Saltsjöbaden, wọ́n bu ọwọ́ lu àdéhùn bí wọ́n á ṣe máa yanjú aáwọ̀. Ilé-iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ oníǹkan. Owó orí ló ń gbé ìlera àti ẹ̀kọ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìròyìn William Beveridge ti 1942 ló tọ́ka ọ̀nà, ìjọba Clement Attlee sì ṣí ètò ìlera gbogbo ìlú ní 5 oṣù keje 1948. Beveridge kì í ṣe sósíálístì, líbẹ́rà ni. John Maynard Keynes, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, náà líbẹ́rà ni, ẹni tó sọ ní 1936 pé nígbà tí iṣẹ́ bá wọ́n, ìjọba ni kó náwó kí ọjà tó lè jí.

Hayek àti ẹni tó ń fi ètò sórí ìwé

Friedrich Hayek, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ Vienna, wo gbogbo èyí, ẹ̀rù sì bà á. Ní 1944 ó kọ The Road to Serfdom, ó sì fi jìn “àwọn sósíálístì inú gbogbo ẹgbẹ́”. Àlàyé rẹ̀ rọrùn, ó sì lágbára: ìmọ̀ nípa ohun tí èèyàn nílò fọ́n ká sí orí àìmọye èèyàn, kò sí ọ́fíìsì kan tó lè kó gbogbo rẹ̀ jọ. Iye owó ọjà ló ń gbé ìmọ̀ náà kiri. Bí ìjọba bá fẹ́ ṣètò ohun gbogbo, kò ní mọ̀ tó, á sì máa fipá bo ohun tí kò mọ̀. Inú ìwé kan náà ló ti gbà pé kí ìjọba rí i pé kò sẹ́ni tí oúnjẹ, aṣọ àti ibùgbé wọ́n fún.

Ní 1974, wọ́n pín ẹ̀bùn Nobel ti ètò ọrọ̀ ajé fún Hayek àti Gunnar Myrdal, ọ̀kan lára àwọn tó kọ́ ètò Sweden. Àwọn méjì tí èrò wọn jìnnà síra bẹ́ẹ̀! Ìgbà ti Hayek tún dé pẹ̀lú Margaret Thatcher nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1979 àti Ronald Reagan ní Amẹ́ríkà ní 1981, tí òun àti Milton Friedman, onímọ̀ ọrọ̀ ajé bíi tirẹ̀, di ẹni tí àwọn olórí ń kà. Ṣùgbọ́n Hayek lọ sí Chile nígbà tí ọ̀gágun Pinochet ń fi ìbọn ṣàkóso, ó sì sọ fún ìwé ìròyìn kan níbẹ̀ ní 1981 pé òun fẹ́ apàṣẹwàá tó gba òmìnira ọjà láyè ju ìjọba àwaarawa tí kò ní òmìnira lọ. Ẹni tó ń bẹ̀rù akọ̀wé ìjọba kò bẹ̀rù sójà.

Àwọn méjì ní Yunifásítì Harvard tún gbé ìjà náà lọ sórí ìwé. John Rawls ní 1971: ká ṣòfin bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá olówó lòun máa jẹ́ tàbí aláìní. Robert Nozick ní 1974: bí mo bá rí ohun ìní mi lọ́nà tó tọ́, kò sẹ́ni tó láṣẹ láti gbà á fún ẹlòmíràn.

Àwọn tí agbára ìjọba kò bà lẹ́rù

Fáṣístì yàtọ̀ sí gbogbo àwọn tó kù. Benito Mussolini, tó ti jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn sósíálístì rí, dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Milan ní oṣù kẹta 1919; ní oṣù kẹwàá 1922 ọba Ítálì gbé ìjọba fún un. Giovanni Gentile ló kọ apá èrò ìjìnlẹ̀ nínú ìwé tó jáde lórúkọ Mussolini ní 1932: kò sí ohun tó wà lẹ́yìn ìjọba. Ní Jámánì, Carl Schmitt, amòfin ńlá, ní ìdí òṣèlú ni kí a mọ ọ̀rẹ́, kí a sì mọ ọ̀tá. Ó wọ ẹgbẹ́ Nazi ní oṣù karùn-ún 1933. Àjèjì, aláìlera àti ẹni tó ń jiyàn ni wọ́n ń bẹ̀rù. Agbára ní tirẹ̀, wọ́n ní bó bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe dára tó.

Hitler kò fi ìbọn wọlé. Wọ́n fi í ṣe olórí ìjọba ní 30 oṣù kìíní 1933, àwọn kọnsáfétíìfù bíi Franz von Papen sì rò pé àwọn á lè dì í mú. Ní 23 oṣù kẹta, ilé ìgbìmọ̀ dìbò lórí òfin tó máa jẹ́ kó ṣòfin láìbi wọ́n. Wọ́n ti kó àwọn kọ́múnístì sẹ́wọ̀n tàbí lé wọn sá. Àwọn ọmọ ogun ẹgbẹ́ dúró yí ilé ká. Aṣòfin 444 gbà, 94 kọ̀, ẹgbẹ́ Bernstein sì ni gbogbo àwọn 94 náà. Lẹ́yìn ọdún méjìlá, wọ́n ti pa Júù mílíọ̀nù mẹ́fà. Hannah Arendt, Júù tó sá kúrò ní Jámánì lọ́dún 1933 yẹn, kọ ọ́ ní 1951 pé àwọn ìjọba bẹ́ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ mú kí èèyàn dá wà, kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́kẹ̀ lé ẹnikẹ́ni. Nítorí èyí ni mo fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a má máa ju orúkọ fáṣístì kiri. Kì í ṣe gbogbo olórí tó le ló jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn tí ìwé àkọ́kọ́ fi sílẹ̀

Àwọn tí Locke àti Mill yọ sílẹ̀ kọ tiwọn. Frantz Fanon, ọmọ Martinique, dókítà ọpọlọ ní Àlgéríà, kọ ìwé rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù ní 1961, ọdún tó kú. Ẹ̀rù amúnisìn ń bà á, ṣùgbọ́n ó tún kìlọ̀ nípa àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tó máa jókòó sórí àga amúnisìn láìyí nǹkan kan padà. Julius Nyerere gbé ìlànà sósíálístì Tànsáníà kalẹ̀ ní Arusha ní 1967, ó ní inú ìgbé ayé ẹbí ló ti mú un. Àwọn tó mọ̀wé pọ̀ sí i gidigidi. Ṣùgbọ́n láàárín 1973 sí 1976, ìjọba kó ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù èèyàn lọ sí abúlé tuntun, tipátipá níbòmíràn, ìkórè sì jìyà rẹ̀. Ní 1985 ó fi oyè sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Simone de Beauvoir, ní 1949, fi hàn pé agbára ọkùnrin lórí obìnrin wà nínú ilé gbogbo ẹgbẹ́, ọwọ́ òsì àti ọwọ́ ọ̀tún. Àwọn aláwọ̀ ewé, ìyẹn àwọn tó ń jà fún ilẹ̀ àti omi, tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Jámánì ní 1980 ní gbogbo yín ń jà lórí ẹni tó máa ni ilé-iṣẹ́, ẹ ò bi ara yín bóyá ilẹ̀ àti omi á gbà á. Mo gbà pé wọ́n jẹ́ ọmọ Burke láìmọ̀, nítorí àwọn tí a kò tíì bí ni wọ́n ń gbẹnu sọ fún.

Agbára tuntun ti wà nílẹ̀ báyìí tí ìkankan nínú wọn kò rí: ti àwọn ilé-iṣẹ́ tó ni òpó ìkànsíraẹni tí bílíọ̀nù èèyàn ń lò, tó ń yan ohun tí oníkálukú máa rí. Òfin Amẹ́ríkà ti 1996 yọ wọ́n kúrò nínú ẹ̀bi púpọ̀ jù lọ ohun tí àwọn èèyàn bá kọ síbẹ̀, torí pé ìjọba tó máa di ẹnu èèyàn ni wọ́n ń bẹ̀rù níbẹ̀. Ṣáínà fi wọ́n sábẹ́ ẹgbẹ́ kọ́múnístì, torí pé ohun tí kò sí lábẹ́ ẹgbẹ́ ni wọ́n ń bẹ̀rù. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin kan ní 2022 tó ní kí àwọn tó tóbi jù nínú wọn ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń yan ohun tí wọ́n ń gbé síwájú èèyàn, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn olùyẹ̀wò tí kì í ṣe tiwọn wo iṣẹ́ wọn. Tèmi, ti Yúróòpù ló sún mọ́ ohun tó yẹ jù, nítorí pé ó bẹ̀rù ilé-iṣẹ́ láìgbé gbogbo kọ́kọ́rọ́ fún ìjọba. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Amazon àti Zalando ti gbé ìjà lórí òfin náà lọ sílé ẹjọ́.